Yàrá Àlejò Tó Di Yàrá Iṣẹ́ Ọnà

Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, ẹ̀rọ ìfọṣọ ló ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. Àárọ̀ yìí ni mo ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, mo sì fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí kí n tó lọ sùn, torí ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà láti oṣù tó kọjá: "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, báwo lẹ ṣe ṣe yàrá tí ẹ ti ń ya àwòrán?" Àwọn kan tilẹ̀ ní kí n sọ orúkọ ọ̀dà tí mo fi kun ògiri inú fídíò àtijọ́ yẹn. Ọ̀dà ògiri yẹn gan-an wà lára àṣìṣe tí mo ṣe. Ẹ jókòó, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Òkè ni yàrá náà wà, òun ló kéré jù nínú ilé wa níbí ní Manchester. Mítà 2.2 ni ìbú rẹ̀, gígùn rẹ̀ ò ju mítà 3 lọ. Ẹ̀yin tí wọ́n bí sí ìlú òyìnbó mọ irú yàrá tí mò ń sọ. Nílé Yorùbá, yàrá yẹn kì í ṣófo. Àpótí ìrìn-àjò wà níbẹ̀, ìkòkò ńlá tí wọ́n fi ń se ìrẹsì òde wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀dì kan sì wà tó ń retí àlejò láti Nàìjíríà. Nígbà tí mo sọ fún màámi lórí fóònù pé mo fẹ́ sọ ọ́ di yàrá iṣẹ́ ọnà, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Àjọkẹ́, níbo wá ni n ó sùn tí mo bá dé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n wá gbẹ̀yìn. Fún ọdún mẹ́rin, bẹ́ẹ̀dì náà ń gbádùn yàrá tirẹ̀, èmi sì ń ya àwòrán lórí tábìlì ìjẹun, mò ń palẹ̀ gbogbo rẹ̀ mọ́ nígbàkígbà tí ebi bá ti pa ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí méjìlá àtààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wákàtí kan péré ló lè rí fún ara rẹ̀. Tó bá fi ogún ìṣẹ́jú tẹ́ ẹrù sílẹ̀, tó tún fi ogún ìṣẹ́jú kó o, kí ló kù? Ìdí tí mo fi fẹ́ yàrá nìyẹn. Mi ò wá ibi tó rẹwà, ibi tí mo lè fi búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ tí n ó sì bá a níbẹ̀ lọ́la ni mò ń wá.

Mo wá sọ ìtàn Òṣogbo fún màámi. Ní 1962, Dúró Ládípọ̀ tó ń ṣe eré orí ìtàgé sọ ilé ọtí rẹ̀ di ibi iṣẹ́ ọnà, wọ́n pè é ní Mbari Mbayo. Ọ̀rọ̀ Igbo ni Mbari, àwọn ará Òṣogbo ló fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, tí wọ́n sọ ọ́ di "ǹ bá rí, ǹ bá yọ̀". Ibẹ̀ ni Georgina Beier ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní 1964, ara wọn ni Twins Seven Seven àti Jimoh Buraimoh tí gbogbo ayé wá mọ̀. Mo ní, "Màámi, ẹ ò rí i pé ilé ọtí pàápàá di ilé ọnà." Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọtí, ìyá mi ni àwọn. Wọ́n gbà ṣá, pẹ̀lú àdéhùn kan: bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ìyẹn ni mo fi ra bẹ́ẹ̀dì tó ń ká mọ́ra, tó ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

Ó wá kan àṣìṣe mi. Kámẹ́rà ni mo ṣe yàrá náà lọ́ṣọ̀ọ́ fún. Mo kun ògiri kan ní àwọ̀ ọsàn tó pọ́n dáadáa. Mo fi ańkárá tó nípọn ṣe kọ́tìnì, mo ta àwọn gílóòbù wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ aláwọ̀ ìyeyè yí ká òkè, mo tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì onírun. Ẹ̀yin náà yìn mí, ẹ rántí. Àwòrán màámi ni mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà níbẹ̀, fún ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún wọn. Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi yà á. Lójú mi, mo ti gbé e. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo gbé e wá síwájú fèrèsé nísàlẹ̀, ojú màámi pọ́n bí ìyeyè. Èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì, ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé kí wọ́n tètè lọ yẹ ẹ̀dọ̀ obìnrin yìí wò.

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí, torí ohun tí mo mọ̀ níbi iṣẹ́ ni mo gbàgbé nílé. Tí a bá fura pé ibà pọ́njú ń ṣe aláìsàn, a kì í wò ó lábẹ́ iná tó pọ́n. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ la fi ń wo funfun ojú rẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa, torí ara wa kì í tètè fi pípọ́n yẹn hàn. Lábẹ́ gílóòbù tó pọ́n, funfun àti ìyeyè máa ń jọra. Ìyeyè tí mò ń fi sí ojú màámi kò hàn sí mi, mo wá ń fi kún un títí ó fi pọ̀ jù. Kò sí ohun tó ṣe ọwọ́ mi, iná ni kò dáa.

Nítorí náà, kí ẹ tó ra ohunkóhun tó rẹwà, ẹ kọ́kọ́ wo ìmọ́lẹ̀. Lára páálí gílóòbù, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí lẹ́tà K tẹ̀ lé. 2700K ni ti pálọ̀, ó máa ń pọ́n, ó dáa fún ìsinmi. Èyí tó bá wà ní nǹkan bíi 5000K ló sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Nọ́ńbà kejì ni CRI, òun ló ń sọ bí gílóòbù ṣe ń fi àwọ̀ hàn bó ṣe rí gan-an. 100 ni òpin rẹ̀, ẹ wá èyí tó bá tó 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún lẹ fi ń yàwòrán, ẹ gbé àtùpà sí apá òsì kí òjìji ọwọ́ yín má baà bo ibi tí ẹ ń kùn. Tí ẹ bá sì lè yan yàrá, ẹ mú èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àríwá. Ní ìlú tí a wà yìí, oòrùn kì í sábà ràn wọ ibẹ̀ tààrà, torí náà ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í sábà yí padà láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú.

Ògiri aláwọ̀ ọsàn ńkọ́? Ẹyìn mi ló wà, ó dojú kọ kánfáàsì. Bí iná bá ti kàn án, àwọ̀ rẹ̀ ló máa ń ta sórí iṣẹ́ mi. Mo fi funfun tí kò dán kùn ún padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó bò ó. Ẹ̀yin tí ẹ háyà ilé, ẹ bi onílé kí ẹ tó kan ọ̀dà. Mi ò ní kí yàrá yín má lẹ́wà o. Àdìrẹ màámi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn mi báyìí, ibi tí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kì í dé, òun ni mo máa ń rí tí mo bá jókòó láti sinmi.

Lẹ́yìn ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́. Níbí ni ẹ ó ti jẹ́ kí n ṣe nọ́ọ̀sì díẹ̀. Ọ̀dà olóróró ni mò ń lò nígbà náà, turpentine ni mo sì fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Yàrá ọmọ mi ọkùnrin ló tẹ̀ lé yàrá yẹn, asthma sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wú ikọ́ lóru. Mo kọ́kọ́ rò pé òtútù ni. Ìgbà tí mo ṣílẹ̀kùn yàrá mi tí òórùn kọ lù mí ni mo tó mọ̀. Òórùn turpentine máa ń ta ọ̀nà èémí, ó sì lè fa ẹ̀fọ́rí àti òòyì. Fèrèsé tí a sé pa ní ìgbà òtútù ń mú un burú sí i. Ní ọjọ́ yẹn ni mo gbé turpentine jáde kúrò nínú ilé. Ọ̀dà olómi, ìyẹn acrylic, ni mò ń lò jù báyìí. Ọjọ́ tí mo bá fi olóróró ṣiṣẹ́, òróró tí a fi ń dín dòdò ni mo fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ọṣẹ àti omi. Ó ń ṣiṣẹ́, ẹ dán an wò.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ọ́n. Àkísà tí ẹ fi nu òróró linseed lè gbiná fúnra rẹ̀. Kò nílò ìṣáná. Bí òróró yẹn ṣe ń gbẹ ló ń fa afẹ́fẹ́ mọ́ra, ìyẹn sì ń mú ooru wá. Tí àkísà bá wà ní kíkájọ sínú agbọ̀n ìdọ̀tí, ooru náà ò rí ọ̀nà jáde, á máa pọ̀ sí i títí á fi gbiná. Ẹ tẹ́ ẹ síta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan kó gbẹ, tàbí kí ẹ rì í sómi nínú agolo onírin tó ní ìdérí. Ẹ má kó o sílẹ̀ kí ẹ lọ sùn.

Oúnjẹ ò gbọ́dọ̀ wọ yàrá náà. Àwọn ìyeyè àti pupa kan ní cadmium nínú, kò yẹ kó wọ ẹnu, kò sì yẹ kí ẹ fi yánrìn-ìwé họ ọ̀dà náà nígbà tó bá gbẹ kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú. Mo ti ri búrọ́ọ̀ṣì bọ inú tíì mi rí. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, gbogbo wa la ti ṣe é.

Àwọn kan ní kí n máa ṣe àdìrẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Rárá o. Ìyá mi dàgbà ní Abẹ́òkúta, ìta gbangba ni wọ́n ti ń rí àwọn aláró nídìí ìkòkò aró. Láyé àtijọ́, ewé èlú ni wọ́n ń lò. Tiwa òde òní ní sódà tó ń jó ara àti hydrosulphite tí òórùn rẹ̀ lè gbé asthma dìde. Ìta ni, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, sódà sì ni ẹ ó máa dà sínú omi, ẹ má da omi lé sódà. Tó bá ta sójú yín, ẹ fi omi tó ń ṣàn fọ̀ ọ́ fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ẹnì kan sì pe 999.

Ìyókù rọrùn. Mo ká kápẹ́ẹ̀tì onírun kúrò, mo ra àjákù línólíọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù kápẹ́ẹ̀tì. Tábìlì mi ní táyà, mo lè tì í kúrò tí bẹ́ẹ̀dì bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Mo fi àyè díẹ̀ sáàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ògiri ìta kí èbu má baà hù síbẹ̀. Tí ó bá sì dọ̀tí, kó dọ̀tí. Francis Bacon lo yàrá kékeré kan ní 7 Reece Mews ní London láti 1961 títí ó fi kú ní 1992, ara ògiri àti ilẹ̀kùn ló ti ń dán ọ̀dà wò. Ní 1998 wọ́n kó yàrá náà lọ sí Dublin, pẹ̀lú ìdọ̀tí rẹ̀. Ohun tí wọ́n kà níbẹ̀ lé ní 7,000.

Mo ti tún àwòrán màámi yà, ní ọ̀sán. Mo fi hàn wọ́n lórí fídíò lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní àwọ̀ náà dáa, àmọ́ ta ló ní kí n fi gèlè yẹn sí wọn lórí. Oṣù kẹfà ni wọ́n ń bọ̀, mo ti sọ bẹ́ẹ̀dì yẹn kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láti wò ó bóyá ilẹ̀kùn ṣì lè ṣí. Ó ṣí, tí ẹ bá fẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹ jẹ́ kí n lọ sùn, iṣẹ́ alẹ́ tún wà lónìí.