Kí Ẹ Tó Ju Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Sí Ọ̀bọ Shai Hills

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa ní Accra, Ashaiman àti Dodowa, lọ́jọ́ tí ẹ bá sinmi oko, ibì kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kó àwọn ọmọ lọ: igbó ọba Shai Hills, lójú ọ̀nà Tema sí Akosombo. Igbó náà lé ní éékà 12,000. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko, gégi tàbí dọdẹ níbẹ̀.

Ẹ ó sanwó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀ṣọ́ igbó yóò sì mú yín rìn. Ẹ tètè dé kí oòrùn tó mú, ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ gbé omi dání. Ọ̀nà náà gba inú koríko lọ sídìí àpáta. Bí ẹ kò bá pariwo, ẹ lè rí kob, ẹran tó jọ àgbọ̀nrín, tó máa ń jẹko ní agbo. Àdán wà nínú ihò Sayu. Òórùn ibẹ̀ le díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó lé yín. Ẹ ṣáà má fọwọ́ kan àdán kankan. Àwọn kéékèèké tó ń jẹ kòkòrò lóru, ọ̀rẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n.

Àwọn èèyàn Shai ló ń gbé orí òkè wọ̀nyí kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó lé wọn kúrò ní 1892. Wọ́n ṣì ń padà wá ṣe orò wọn níbẹ̀. Ibi tí ẹ̀ṣọ́ bá ní kí ẹ má dé, ẹ má dé ibẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Níbẹ̀ ni àwọn ọ̀bọ ńlá tí ẹnu wọn gùn bí ti ajá, tí òyìnbó ń pè ní baboon, ti máa ń jókòó sẹ́bàá títì, tí wọ́n ń wo ọkọ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ a máa ju búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí wọn, àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọ̀bọ tó bá ti mọ̀ pé ọwọ́ èèyàn ni oúnjẹ ti ń wá kò tún ní fẹ́ fi gbogbo ọjọ́ wá èso inú igbó. Ọkọ̀ lè gbá a, tàbí kó kọjú sí oko tó bá sún mọ́ ọn. Ẹni tó ju búrẹ́dì ti délé rẹ̀ ní Accra. Àgbàdo ẹlòmíì ni ọ̀bọ náà ń ṣẹ́.

Bí oko yín bá wà létí igbó, ẹ má gbin àgbàdo, ẹ̀pà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i. Ata ni kí ẹ gbìn síbẹ̀. Ọ̀bọ kì í fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń mówó wọlé. Ẹ ro etí oko kó mọ́ dáadáa, torí ọ̀bọ kì í fẹ́ gba gbangba kọjá. Bí ọyẹ́ bá dé, etí oko mímọ́ yìí kan náà ni kò ní jẹ́ kí iná oko yín ran igbó, tàbí kí iná igbó ran oko yín. Bí àgbàdo bá sì ti ń gbó, kí ẹnì kan wà lóko láti àfẹ̀mọ́júmọ́.

Májèlé ńkọ́? Rárá o. Ajá yín lè jẹ ẹ́, ẹlòmíì sì lè gbé òkú ẹran náà lọ sọ́jà. Ẹ tún rántí pé láti ọjọ́ 1 oṣù kẹjọ sí ọjọ́ 1 oṣù kejìlá lọ́dọọdún, òfin Ghana kò gba ọdẹ láyè láti pa ẹran igbó kankan, àfi ọ̀yà, ìyẹn náà pẹ̀lú ìwé àṣẹ. Nínú igbó ọba ní tirẹ̀, kò sí àsìkò tí ọdẹ ṣíṣe tọ́.

Bí ọ̀bọ bá ń wọ oko yín léraléra, ẹ kọ ọjọ́ àti àkókò sílẹ̀, àti ibi tó gbà wọlé, kí ẹ sì mú un lọ bá àwọn ẹ̀ṣọ́ lẹ́nu ọ̀nà Shai Hills.