Fíìmù tí mo fẹ́ràn jù lọ́dún 2024: ẹ wo Gáà kẹ́ ẹ tó wo Lísàbí

Láti ìgbà tí ọdún ti yí ni àwọn kan nínú yín ti ń bi mí pé fíìmù wo ni mo fẹ́ràn jù lọ́dún 2024. Mo wò ó pọ̀ o, owó dátà sì gba ẹ̀mí mi. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo, mi ò lè mú un, torí méjì ni wọ́n, mi ò sì rí bí èèyàn ṣe fẹ́ yà wọ́n: House of Ga'a àti Lisabi: The Uprising.

Ọjọ́ 26 oṣù Keje ni ti Gáà jáde lórí Netflix, ti Lísàbí sì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án. Èèyàn tó pọ̀ ló wò wọ́n bí ẹni pé wọn ò mọra wọn rí. Ìtàn Ọ̀yọ́ kan náà ni o. Ọ̀kan ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàfin, èkejì ń sọ ohun tí ojú àwọn tó wà lóko rí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú Gáà. Baṣọ̀run ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, ìyẹn àwọn ìjòyè méje tó ń fi Aláàfin jẹ, tí wọ́n sì láṣẹ láti kọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá kọ ọba, wọn ò ní bá a pariwo. Igbá òfìfo tàbí ẹyin odídẹrẹ́ ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sí i, ọba tó bá sì ti ṣí igbá yẹn wò, ikú ló kù fún un. Ìjánu ni wọ́n fi òfin yìí ṣe fún ọba, kó má baà di aláṣejù. Kí ni Gáà wá ṣe láàárín 1754 sí 1774? Ó gba ìjánu náà mọ́ ìlú lọ́wọ́, ó sì gun gbogbo wọn bí ẹṣin. Lábísí ò tíì jọba délẹ̀ tó fi kú. Awọ́nbíojú lo 130 ọjọ́ péré lórí oyè. Ọwọ́ Gáà náà ni Agbólúajé àti Májẹ̀ógbé kú sí. Abíọ́dún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i ká lọ́wọ́ kò.

Femi Branch ló ṣe Gáà, Bolanle Austen-Peters ló darí fíìmù náà. Ohun tó mú mi nínú eré Branch ni pé kò ṣe Gáà bí ẹni tí wọ́n bí ìkà mọ́. Jagunjagun ló ṣe, ẹni tó ti fi ara rẹ̀ wéwu fún ìlú títí tó fi gbà pé ìlú jẹ òun ní gbèsè tí kò lè san tán láé. Èèyàn bẹ́ẹ̀ wà láyé yìí, ẹ mọ̀ wọ́n. Àwọn àgbà wa mọ ìtàn yìí látinú eré onítàn tí Adébáyọ̀ Fálétí kọ, wọ́n sì máa ń fi tirẹ̀ wé ti ìsinsìnyí. Tèmi ni pé fíìmù tuntun yìí yára jù níbì kan, torí ìtàn ogún ọdún ni wọ́n fẹ́ kì bọ inú àpò kan. Mo ṣì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò ní sọ bó ṣe parí. Òwe "bí o láyà kó o ṣèkà, bó o bá rántí ikú Gáà kó o sòótọ́" ti sọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi.

Ibi tí ìtàn méjèèjì ti pàdé nìyí: Gáà pín àwọn ọmọ rẹ̀ sáwọn ìlú kiri, àwọn ló sì ń gba ìṣákọ́lẹ̀ tó yẹ kó lọ sí ààfin. Gáà kú, àmọ́ agbowó-òde ò tìtorí ìyẹn kásẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn Ẹ̀gbá ló ti wá bú gbàmù ní apá ìparí sẹ́ńtúrì kejìdínlógún. Àgbẹ̀ ni Lísàbí, kì í ṣe ọmọ ọba. Aáró ló fi kó àwọn èèyàn jọ. Ẹ̀yin ọmọ Èkó tẹ́ ẹ̀ mọ aáró, ó dà bí àjọ, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń dá dípò owó: lónìí gbogbo wa á bá ẹ kọ ebè, lọ́la á kan oko tèmi. Ta ló máa fura sí àgbẹ̀ tó kó ọkọ́ dání? Abẹ́ ebè yẹn ni wọ́n ti gbìmọ̀ títí tí ẹgbẹ́ aáró fi di Ẹgbẹ́ Olórógun, tí wọ́n sì dìde sí àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ tó wà láàárín wọn. Dọ́ba lónìí, ọdọọdún ni wọ́n ṣì ń ṣọdún Lísàbí l'Ábẹ́òkúta.

Lateef Adedimeji ló ṣe Lísàbí, Niyi Akinmolayan ló darí ẹ̀. Ogun inú ẹ̀ dáa, àmọ́ kì í ṣe ogun ló mú mi. Ibi tí wọ́n ti ń gba ohun tí àgbẹ̀ fi òógùn ojú kó jọ ni. Ẹni tó bá ti wọ dánfó l'Ékòó rí kò nílò àlàyé. Apá kejì ti jáde ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ẹ má fo ti àkọ́kọ́ o.

Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá gbọ́ Yorùbá, ẹ pa Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ yẹn. Tójú bá ti ń kàwé, etí á lọ sùn. Odindi oríkì lè di gbólóhùn mẹ́rin lójú Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ó sì rò pé gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn.

Nínú àwọn tí kì í ṣe Yorùbá, The Weekend tí Daniel Oriahi darí ló dá oorun mi dúró. Ọmọbìnrin kan ní àfi dandan kóun mọ àwọn òbí àfẹ́sọ́nà òun. Mi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má ṣáà jẹun tẹ́ ẹ bá ń wò ó. Aníkúlápó tuntun ti Kunle Afolayan ń kọ́? Mo fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ eré alápá púpọ̀ ni, kì í ṣe fíìmù, n ló ṣe yọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló ń kọ mí lóminú. Fíìmù ìtàn ń fẹ́ ẹṣin, aṣọ òfì, ààfin tí wọ́n máa kọ́ látilẹ̀, àti èrò rẹpẹtẹ. Ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì ń ra irú ẹ̀ jù. Ní oṣù Kìíní 2024 gan-an, Prime Video, tó gbé Gangs of Lagos jáde lọ́dún tó ṣáájú, kéde pé àwọn ò ní náwó sí fíìmù tuntun nílẹ̀ Áfíríkà mọ́. Tí Netflix náà bá fà sẹ́yìn lọ́la, gbọ̀ngàn sinimá ló kù, gbọ̀ngàn sinimá sì ní ohun tó ń fẹ́. Everybody Loves Jenifa ti Funke Akindele jáde lóṣù Kejìlá, ó sì pa ju bílíọ̀nù kan ààbọ̀ náírà lọ. Mo rẹ́rìn-ín títí níbẹ̀, obìnrin yẹn mọṣẹ́. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé Lísàbí àti Jenifa síta lọ́sẹ̀ kan náà ní Disẹ́ńbà, èmi á wo méjèèjì. Mo sì mọ èyí tí àwọn àbúrò mi máa fà mí lọ wò ṣáájú.