Ìdí-Ìrókò Ni A Ti Kọ́kọ́ Mọ Schengen

Àbúrò mi kan ń ṣe súpáfáísọ̀ fún àwọn oníṣẹ́ alẹ́ ní kọ́ńpìnnì ike kan ní Ọ̀tà. Lọ́sàn-án Sátidé kan, ó gbé ìwé wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò." Orílẹ̀-èdè méje ló tò síbẹ̀, láti Pọ́túgàl títí dé Gríìsì, ọgbọ̀n ọjọ́ péré, ní ìgbà ìrúwé ọdún 2027. Mo kà á tán, mo bi í pé ṣé ìrìn-àjò ló fẹ́ lọ àbí ó fẹ́ ṣe agbèrò. Ẹ̀rín pa á. Àwa méjèèjì la mọ abẹ́ bíríjì Sàngó, níbi tí agbèrò ti ń pe Ìfọ̀, Abẹ́òkúta, Owódé àti Ìdí-Ìrókò láti àárọ̀ dalẹ́, tí òun alára kì í lọ ibì kankan.

Mo ní kó pa ìwé yẹn tì ná, kó sọ bó ṣe dé Accra lọ́jọ́sí.

"Sàngó ni mo ti wọkọ̀. A gba Atan, a gba Owódé, ó di Ìdí-Ìrókò. A bọ́ sí Ìgòló, a dé Àjàṣẹ́, a dé Kútọnu. Mo sùn ní Lomé, ó di ọjọ́ kejì kí n tó dé Accra."

"Ta ló béèrè físà lọ́wọ́ rẹ?"

"Kò sẹ́ni tó béèrè ẹ̀."

Kò sẹ́ni tó lè béèrè ẹ̀, nítorí ìwé tí ECOWAS fọwọ́ sí ní Dakar lóṣù Karùn-ún ọdún 1979: ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú ẹgbẹ́ lè wọ ilẹ̀ èkejì láìgba físà, kó lo 90 ọjọ́ níbẹ̀. Schengen, abúlé kan létí odò ní Luxembourg, ni orílẹ̀-èdè márùn-ún ti ṣe irú àdéhùn tó fara jọ ọ́ ní ọdún 1985. Wọ́n ti di 29 báyìí. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ náà ni tiwọn fún àlejò, àmọ́ láàárín 180 ọjọ́ ni wọ́n ti ń kà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni ẹnubodè. Lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, ibi àyẹ̀wò kan kò jìnnà sí èkejì, ẹ̀sọ̀ pẹ̀lẹ́ lèèyàn fi ń kọjá wọn. Àwọn ará Yúróòpù kó gbogbo tiwọn jọ sójú kan, wọ́n sì gbé e wá bá wa nílé. Èkó, níbi tí a ti ń gba físà, ni ẹnubodè Spéìn tó le jù wà, kì í ṣe Spéìn. Ẹni tó bá ti jà á já níbẹ̀, tó sì fi ìka àti ojú rẹ̀ hàn nígbà tó gúnlẹ̀, lè ti Lisbon rìn dé Róòmù bí ẹní ti Ọ̀tà lọ sí Ìfọ̀. Físà náà jẹ́ 90 yúrò fún àgbàlagbà, wọn kì í dá owó náà padà bí wọn kò bá fún èèyàn ní físà. Wọ́n tún ń béèrè ìnṣọ́ránsì ìlera tó tó 30,000 yúrò. A kò gbọdọ̀ kọ̀wé ṣáájú oṣù mẹ́fà sí ọjọ́ ìrìn-àjò, kò sì gbọdọ̀ ku dín ní ọjọ́ 15.

Òfin tó fọ́ ìwé àbúrò mi túútúú nìyí: orílẹ̀-èdè tí o bá ti máa sùn pẹ́ jù ni wàá kọ̀wé sí. Tí o bá sun oorun mẹ́rin mẹ́rin káàkiri, ta ni onílé rẹ? Òṣìṣẹ́ tó ń ka ìwé náà á rí agbèrò bí èmi náà ṣe rí i.

A jókòó, a dín in kù sí mẹ́ta. Oorun méje ní Pọ́túgàl, 14 ní Spéìn, mẹ́sàn-án ní Ítálì. Mo fi Lagos sí ti Pọ́túgàl dandan, ìlú kan létí òkun ní gúúsù, tí orúkọ rẹ̀ bá ti Èkó mu. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọmọ Áfíríkà 235 sọ̀ kalẹ̀ ní 1444, tí wọ́n sì pín wọn ní gbangba. Ó yẹ kí ọmọ Yorùbá dúró síbẹ̀ díẹ̀.

Láti 21 sí 28 oṣù Kẹta, Seville ni yóò wà, torí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́. Ilé ìtura ọ̀sẹ̀ yẹn wọ́n, kó tètè san án. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ọmọ Ọ̀tà níbẹ̀ ni, "Eégún rèé!" Ọ̀wọ́ ènìyàn ń rìn láàárín òru, agọ̀ gbọọrọ borí borùn, ṣóńṣó orí rẹ̀ nàró, ihò ojú méjì nìkan ló ṣí. Lẹ́yìn wọn ni ère Jésù àti ti Màríà lórí pẹpẹ ńlá tí àbẹ́là yí ká. Ẹsẹ̀ àwọn tó rù ú nìkan là ń rí. Ṣùgbọ́n kí àbúrò mi má ṣì í mú. Ará ọ̀run ni eégún, a kì í bi í pé ta ni. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni àwọn ti Seville pe ara wọn, wọ́n bo ojú kí aládùúgbò má mọ ẹni tó ń ronú pìwà dà. Kò sí àtòrì, kò sì sẹ́ni tó ń sá. (Ìyẹn nìkan tó ìran fún ẹni tí wọ́n tọ́ ní Ọ̀tà.) Lóru Sunday Àjíǹde, wọn óò sún aago síwájú ní wákàtí kan, aago Spéìn tó bá tiwa dọ́gba kò ní bá a dọ́gba mọ́. Swẹ́tà ṣe pàtàkì: òwúrọ̀ ìgbà ìrúwé dà bí ti ọyẹ́, eruku rẹ̀ ni kò sí.

Ní Valencia, kó béèrè horchata. Ọ̀fíò tí àwọn Háúsá ń tà ní Sàngó ni, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fi ṣúgà sí i. Láti Barcelona, ọkọ̀ ojú omi yóò gbé e dé ìtòsí Róòmù ní bí ogún wákàtí.

"Gríìsì ńkọ́, ẹ̀gbọ́n?" Àjíǹde tiwọn lọ́dún náà, 2 oṣù Karùn-ún ni. Ẹni tó bá fẹ́ rí méjèèjì á lò ju oṣù kan lọ. A yọ ọ́.

Ó ku líìfù, torí wọ́n á béèrè lẹ́tà ibi iṣẹ́ pé yóò padà wá. Ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà lọ́dún ni òfin iṣẹ́ Nàìjíríà là kalẹ̀ pé kò gbọdọ̀ dín. Láti 14 oṣù Kẹta sí 13 oṣù Kẹrin, bí a bá yọ Sátidé, Sunday, Ẹtì Rere àti Ajé Àjíǹde, ogún ọjọ́ iṣẹ́ ló kù. Mẹ́rìnlá ni kọ́ńpìnnì rẹ̀ ń fún un. Ìwé tó fi tọrọ mẹ́fà yòókù ṣì wà lórí tábìlì ọ̀gá rẹ̀.