Ilé Ìmọ̀-Ẹ̀rọ: Ta Ló Ń Lò Ó?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ṣé ẹ mọ̀ pé láti 1994 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé ìmọ̀-ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Kánò níbí? Ti Agége ló ṣáájú, ní 1993. Bí adìyẹ ti ń sàba lé ẹyin ni iṣẹ́ rẹ̀ rí: ẹni tó ní ọgbọ́n àtinúdá á rí yàrá iṣẹ́ gbà ní owó pọ́ọ́kú, á rí ẹ̀rọ àti olùdámọ̀ràn, títí yóò fi lè dá dúró.

Ṣùgbọ́n yàrá nìkan kọ́ o. Ní Amẹ́ríkà, Yunifásítì Stanford bẹ̀rẹ̀ sí í fi ilẹ̀ ara rẹ̀ háyà fún àwọn iléeṣẹ́ ẹ̀rọ ní 1951. Ọ̀jọ̀gbọ́n àti oníṣẹ́ di aládùúgbò, Silicon Valley sì gbèrú. Ní Òtígbà, Ìkẹjà, ìjọba kò tilẹ̀ kọ́lé fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá àti ọmọṣẹ́ ló sọ àdúgbò náà di ọjà kọ̀ǹpútà.

Sábóńgàrí ni wọ́n bí mi sí. Mo máa ń wo àwọn tó ń tún fóònù ṣe níbẹ̀: bí iṣẹ́ bá ta kókó, wọn a sáré lọ bá ará ṣọ́ọ̀bù kejì. Àwa tí à ń kàwé nípa ẹ̀rọ kì í yà sọ́dọ̀ wọn, àwọn náà kì í wọ ọgbà wa. Mélòó nínú wa ló tilẹ̀ mọ ọ̀nà ilé tí ìjọba kọ́ yẹn?