Ìjókòó Alùpùpù Tó Gbó: Ẹ Tún Inú Ṣe Kí Ẹ Tó Bo Ìta

Ẹni tó bá ti Kàdúná ń lọ sí Kánò kò lè ṣàìmọ Kwangila ní Sáríà. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yà lọ sí Sámárù, níbi tí Yunifásítì Ahmadu Bello tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1962 wà. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èrò ti ń sọ̀, tí wọ́n sì ti ń wọ ọkọ̀ mìíràn. Níbi tí ọkọ̀ bá pọ̀ sí, àwọn tí ń tún ọkọ̀ ṣe kì í jìnnà síbẹ̀. Gbogbo ènìyàn ló mọ mẹkáníìkì àti fọkanáísà, ṣùgbọ́n oníṣẹ́ kan wà tí a kì í sábà rántí àfi ìgbà tí ẹ̀yìn bá bẹ̀rẹ̀ sí í dunni. Òun ni ẹni tí ń tún ìjókòó alùpùpù ṣe.

Kì í ṣe ọ̀ràn ẹwà. Bí ìjókòó bá ti kú, orí irin ni ẹni tó gun alùpùpù jókòó sí, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà ni yóò sì máa gbún un lọ́pàá ẹ̀yìn.

Ohun tí ń bà á jẹ́

Ìjókòó alùpùpù kò ju nǹkan mẹ́ta lọ. Àkọ́kọ́ ni páànù ìsàlẹ̀, tó jẹ́ irin lára àwọn Honda àti Suzuki àtijọ́, tó sì jẹ́ ike líle lára púpọ̀ nínú àwọn ti òde òní. Ìkejì ni fóòmù. Ìkẹta ni ìbora, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní lẹ́dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike ni, kì í ṣe awọ ẹran.

Oòrùn Òkè Ọya ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń fa èròjà tó mú kí lẹ́dà rọ̀ jáde, títí yóò fi le, tí yóò sì sán. Ọyẹ́ yóò gbé eruku wọ ojú sísán náà. Nígbà tí òjò bá wá dé, láti nǹkan bí oṣù karùn-ún títí di oṣù kẹwàá, fóòmù yóò mu omi bí kànìnkànìn, páànù irin yóò sì máa dógùn-ún lábẹ́ rẹ̀.

Iṣẹ́ awọ kì í ṣe àjòjì ní Sáríà. Kí alùpùpù tó dáyé ni àwọn Haúsá ti ń fi èso igi bagaruwa ṣe awọ ewúrẹ́, tí wọ́n ń fi awọ rán bàtà, àpò àti gàárì ẹṣin. Àwọn ọmọ Yorùbá náà kò gbẹ́yìn, nítorí àwọn oníṣẹ́ awọ ìlú Ọ̀yọ́ ló ń rán tìmùtìmù tí a fi ń dá àlejò lọ́lá. Ọgbọ́n kan náà ló wà nídìí gàárì, tìmùtìmù àti ìjókòó alùpùpù: ohun tí a kì sínú ló ń gbé ènìyàn ró, ìbora kàn ń dáàbò bò ó ni.

Bí a ti ń tún un ṣe

Oníṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ yóò fi sípánà tú bóòtù ìjókòó, yóò sì yọ àwọn ìṣó wẹ́wẹ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀, tó jọ irin tí wọ́n fi ń so ìwé pọ̀ ní ọ́fíìsì. Kò ní ju ìbora àtijọ́ nù. Yóò tú ojú rírán rẹ̀, yóò tẹ́ ẹ lé lẹ́dà tuntun, yóò sì fi ṣe òṣùwọ̀n.

Lẹ́yìn èyí ni yóò fọwọ́ tẹ fóòmù. Bó bá tutù, yóò sá a títí yóò fi gbẹ dénú, nítorí gọ́ọ̀mù kì í mú ohun tó tutù. Ibi tí kò bá padà sípò mọ́ ni yóò gé kúrò, tí yóò sì fi fóòmù líle mìíràn dí i, kó tó fi ọ̀bẹ mímú àti sáńpépà mú ojú rẹ̀ dọ́gba. Yóò ha ìpẹtà ara páànù, yóò sì kùn ún lọ́dà. Ihò tí omi ń gbà jáde nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ dí.

Òwú náílọ́ọ̀nù ló yẹ fún rírán, torí òwú lásán máa ń jẹrà nínú òjò. Ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a ń tẹ́ sáàárín fóòmù àti lẹ́dà, kí omi tó gba ojú abẹ́rẹ́ wọlé má baà dé inú. A ó sá lẹ́dà sóòrùn díẹ̀ kó lè rọ̀; a ó fà á níwájú, a ó fà á lẹ́yìn, kí a tó kan ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti àárín lọ sí igun, kó má baà hunjọ.

Iṣẹ́ àbùjá

Oníṣẹ́ mìíràn á ní kò sí ìdí láti tú ohunkóhun; á kó lẹ́dà tuntun bo ògbólógbòó mọ́lẹ̀. Owó rẹ̀ kì í pọ̀, ó sì máa ń dán. Ṣùgbọ́n ẹ̀tẹ̀ ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá: omi wà nínú, fóòmù tó ti kú kò jí. Ẹni tó bá gbé ìjókòó wá ní láti dúró wo bí wọ́n ti ń tú u. Kó sì jókòó lé e wò kí wọ́n tó kan ìṣó ìkẹyìn, nítorí fóòmù tó ga jù kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹni kúkúrú kanlẹ̀, èyí tó rọ̀ jù yóò sì rì dé páànù.

Iṣẹ́ yìí ti rí ìjì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2014, ìjọba Ìpínlẹ̀ Kàdúná fòfin de alùpùpù akérò, tí àwọn Haúsá ń pè ní achaba. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, nítorí ọ̀ràn ààbò, ó tún dá gígun alùpùpù dúró fún oṣù mẹ́ta ní ìbẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣe ti akérò tàbí ti ara ẹni. Irú òfin bẹ́ẹ̀ lè gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó gbójú lé ìjókòó alùpùpù nìkan. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mọ bí a ti ń gé fóòmù lè tún ìjókòó kẹ̀kẹ́ NAPEP ṣe, ó lè ṣe ti bọ́ọ̀sì, ó sì lè ṣe àga pálọ̀. Kí òbí tó ń wá iṣẹ́ ọwọ́ fún ọmọ rẹ̀ ní ìlú àjò má ṣe fojú kékeré wo iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ kan, ọ̀bẹ, àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ẹni tó ní alùpùpù, kó fọwọ́ tẹ ìjókòó rẹ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ojú sísán kò bá tíì ju ìka kan lọ, owó táṣẹ́rẹ́ ni yóò dí i. Bó bá jẹ́ kí òjò kan rọ̀ lé e lórí, fóòmù ni yóò tún rà.