Ariwo Ẹ̀yìn Alùpùpù: Ìlàlóye fún Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Bọ̀ Wá fún Àyẹ̀wò

Ọ̀pọ̀ alùpùpù tí à ń dá padà láìfún ní ìwé ẹ̀rí kì í ṣe èyí tí ṣéènì rẹ̀ dẹ̀, bí kò ṣe èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún ṣéènì rẹ̀ le ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà gan-an, lẹ́nu géètì wa níbí, lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin tí ń mú sípánà kiri, tí wọ́n sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé pé alùpùpù tó bá ń dún lẹ́yìn kò lè yege láéláé. Àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa. A kò rán wọn níṣẹ́, a kò bá wọn pín nínú owó tí wọ́n ń gbà, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá san án fún wọn kò lè mú un bọ̀ wá bá wa pé ká dá a padà fún òun.

Ẹ má ṣe fún ṣéènì le nítorí ariwo

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹni tó gbọ́ ariwo lẹ́yìn, tó sì gbá ṣéènì mú kó tó béèrè ohun tó ń dún, a máa fi oníjà sílẹ̀, a máa gbájú mọ́ alápẹpẹ.

Ó yẹ kí ṣéènì dẹ̀ díẹ̀, ìdí rẹ̀ sì rèé. Irin eléyín kékeré tó wà lẹ́bàá ẹ́ńjìnnì àti ńlá tó wà lára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kì í jìnnà síra wọn bákan náà nígbà gbogbo: bí ẹni méjì bá jókòó, tí ẹrù ọjà tún wà lẹ́yìn wọn, tí táyà sì já sínú kòtò, apá irin tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú á gbéra sókè, àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì á sì gùn sí i. Ṣéènì tí wọ́n ti fún pinpin kò ní ibi tí yóò ti rí gígùn yẹn mú wá. Ohun tó kù fún un láti ṣe ni kó máa fa bíárìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ti ìdí jíà, kó máa jẹ eyín irin, títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi jọ̀wọ́ ara rẹ̀ lójú títì. Nítorí náà ni a ṣe ń tún un sọ, bó tilẹ̀ sú yín láti gbọ́: ṣéènì tó le jù burú ju èyí tó dẹ̀ díẹ̀ lọ, àwa a sì máa dá a padà.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé alùpùpù sórí sítáǹdì àárín, ẹ fi jíà sí nútírà, kí ẹ sì pa ẹ́ńjìnnì. Ìka tí ṣéènì bá gé kì í hù padà. Ẹ mú abala ìsàlẹ̀ ṣéènì ní agbedeméjì irin eléyín méjèèjì, ẹ tì í sókè, ẹ fà á wálẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ alùpùpù kéékèèké, ìrìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní nǹkan bí 20 mílímítà, kò sì yẹ kó ju nǹkan bí 30 lọ, ṣùgbọ́n ìwé tó bá alùpùpù yín wá ni aláṣẹ. Ẹ fi ọwọ́ yí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn díẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí ṣéènì kì í gbó bákan náà yíká, ibi tó le jù ni kí ẹ sì fi ṣe ìwọ̀n. Bó bá le níbì kan tó sì rọ̀ jọwọrọ níbòmíràn, ó ti parí iṣẹ́ rẹ̀, kò sí sípánà tó lè jí i dìde. Ẹ di ṣéènì mú ní ẹ̀yìn pátápátá irin eléyín ńlá, ẹ fà á sẹ́yìn: bí ẹ bá rí ìmọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀ àti eyín, tàbí tí orí eyín ti kọ́ bí èékánná àṣá, ẹ pàrọ̀ ṣéènì àti irin eléyín méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣéènì tuntun lórí eyín tó ti jẹ, owó tí a sọ sódò ni.

Ẹ sọ fún wa ìgbà tó ń dún

Ìbéèrè tí a ó kọ́kọ́ bi yín nídìí tábìlì ni pé, ìgbà wo ló ń dún? Bó bá ń dún kà-kà-kà lójú ọ̀nà gbágungbàgun, tó sì dákẹ́ lórí ọ̀dà, ṣéènì ló ń na irin tó bò ó, èyí ni ìgbà tó dẹ̀ jù lóòótọ́. Bó bá dún gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí ẹ bá fún un níná tàbí tí ẹ bá jọ̀wọ́ iná, ẹ wo rọ́bà inú ikùn wíìlì ẹ̀yìn. Bó bá ń dún kẹ́n ní gbogbo ìgbà tí wíìlì bá yípo lẹ́ẹ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ojú táyà. Ìṣó àti òkúta ti mú àwọn ènìyàn ra ṣéènì tí wọn kò nílò. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì nìkan ni, ọ̀rọ̀ bíréèkì ni.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù ni ariwo tó ń kùn hùùù, tó ń ga bí eré ṣe ń ga. Ẹ di orí táyà àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, ẹ mì ín: bó bá ń ṣe kọ̀-kọ̀ lọ́wọ́ yín, bíárìn ni ẹ máa kọ́kọ́ fura sí. Kó lè dájú, kí mẹkáníìkì yín yọ ṣéènì kúrò, kí ó fi ọwọ́ kan lé apá irin, kí ó sì fi èkejì yí wíìlì. Bí ìgbọ̀nrìrì gìrìgìrì bá ń wọ ọwọ́ rẹ̀, bíárìn náà ti bàjẹ́. Ẹni tó ń fún ṣéènì le sórí irú bíárìn bẹ́ẹ̀ ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ẹ má gun irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ tún un ṣe ná.

Ọ́ìlì

Ọ́ìlì dúdú tí wọ́n fà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì kò dára fún ṣéènì, ìdọ̀tí inú rẹ̀ á máa lọ̀ ọ́. Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi ọ́ìlì jíà onínọ́ńbà 90 sí i, kó má sì kan táyà.

Ní ọjọ́ àyẹ̀wò

Ẹni tó ń gun alùpùpù náà lójoojúmọ́ ni kó mú un wá, nítorí ẹni tí a rán kò mọ ìgbà tó ń dún. Bí ẹnikẹ́ni bá ti fọwọ́ kan ṣéènì yín láìpẹ́, ẹ wo àmì tó wà lápá ọ̀tún àti tòsì ẹ̀yìn kó dọ́gba, kí nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní pín-ìnì rẹ̀, kí ẹ sì tún ọ̀pá bíréèkì ṣe, nítorí bí wíìlì bá ti sún sẹ́yìn, bíréèkì a máa le ju ti tẹ́lẹ̀. Alùpùpù tí àmì rẹ̀ kò bá dọ́gba, a ó dá a padà, bí kò tilẹ̀ dún rárá.