Ìpékeré Cincinnati: ṣúgà níwájú, ata lẹ́yìn

Àlejò tó bá wọ ìlú Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio, l'Amẹ́ríkà, kì í pẹ́ kó tó gbọ́ orúkọ Grippo's. Ànàmọ́ òyìnbó ni wọ́n rẹ́ pẹlẹbẹ, tí wọ́n dín gbẹ, tí wọ́n wá da èròjà pupa tí wọ́n ń pè ní bábékíù sí lára. Ṣúgà rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń dùn lẹ́nu. Ata á wá tẹ̀ lé e, kò sì ní tètè lọ. Ọmọ ìka á pọ́n bí ìgbà téèyàn fọwọ́ kan epo, ta ni kò sì ní lá a?

Ọdún 1919 ni Angelo Grippo dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di ọdún 1959 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dín ànàmọ́. Ẹni tó bá jìnnà sí agbègbè yẹn lè wá a títí kó má rí i rà. Afẹ́fẹ́ ló kún inú ọ̀rá ìpékeré: kò wúwo, síbẹ̀ ó ń gba àyè nínú ọkọ̀, ó sì ń tètè rún. Ohun tó jẹ́ kí ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀ láyé àtijọ́ nìyẹn, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó gba ọjà mọ́ wọn lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà yé àwọn ará Dayton, tí kò jìnnà síbẹ̀. Mikesell's ni tiwọn, láti ọdún 1910, òróró ẹ̀pà ló sì sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Lọ́dún 2023, wọ́n paná ìdínkan. Wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Conn's ní Zanesville. Àdéhùn wọn ni pé orúkọ àtijọ́ ni yóò wà lára ọ̀rá, ọwọ́ mìíràn ni yóò máa dín in.